Orí Keje: Wíwá Àléébù Iná Nínú Bọ́ọ̀sì Àtijọ́ Tí Kò Fẹ́ Sítáàtì

Èròǹgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè ṣàlàyé ọ̀nà tí iná ń gbà kúrò nínú bátìrì lọ sí sítátà tí ó sì tún ń gbà padà. Kí ó lè fi ohùn tí ọkọ̀ ń dún mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kí ó lè wọn àdánù fóòtì nígbà tí sítátà ń yí, kí ó sì ṣe ìṣirò rẹ̀. Kí ó sì lè sọ ìdí tí afẹ́fẹ́ òkun àti omi òjò fi ń ba oríkèé wáyà jẹ́ ní agbègbè Lekki àti Ajah.

7.1 Irú ọkọ̀ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀

Bọ́ọ̀sì tí àwọn ará Yúróòpù ń sùn sí, tí wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti fíríìjì kékeré sí nínú kí wọ́n lè máa fi rìnrìn-àjò ìgbafẹ́, kò wọ́pọ̀ ní Èkó. Ṣùgbọ́n ara tí wọ́n kọ́ ọ sí kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti wọ dánfó rí. Volkswagen Transporter, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Jámánì ní 1950, ni ìpìlẹ̀ àwọn méjèèjì. Ilé iṣẹ́ Westfalia gbé bọ́ọ̀sì yìí, ó sọ ọ́ di ilé alágbèéká. Àwọn onímọ́tò Èkó gbé e, wọ́n to bẹ́ǹṣì sí i, wọ́n kùn ún ní yẹ́lò, wọ́n sì fa ìlà dúdú sí i lára. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní 1975 lójú ọ̀nà Badagry, orúkọ Volkswagen ti wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì tó fi jẹ́ pé títí di òní, ohun tí ọ̀pọ̀ ríwáyà (oníṣẹ́ iná ọkọ̀) mọ̀ nípa bọ́ọ̀sì, ara Volkswagen ni wọ́n ti kọ́ ọ. Kọ̀ròpẹ́, bọ́ọ̀sì tó kéré ju dánfó lọ, ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín Lekki, Ajah àti Sangotedo, ṣùgbọ́n òfin iná kan náà ló ń darí gbogbo wọn.

Èyí tí a ó mú ṣe àpẹẹrẹ ni T3, ìran kẹta Transporter, tí ó jáde ní 1979. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Sítátà so mọ́ gíábọ́ọ̀sì lẹ́yìn níbẹ̀, nísàlẹ̀, níbi tí ẹrẹ̀ àti omi ti ń ta sí i. Bátìrì ní tirẹ̀ wà níwájú, lábẹ́ ìjókòó èrò lápá ọ̀tún. Nítorí náà, iná tí yóò yí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ rin gbogbo gígùn ọkọ̀ náà kí ó tó dé ibi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ jíjìnnà yìí ni gbogbo orí yìí dá lé.

7.2 Àwọn ọ̀rọ̀ tí a gbọ́dọ̀ mọ̀

Fóòtì ni ìwọ̀n agbára tí ń ti iná jáde nínú bátìrì. Bátìrì ọkọ̀ ní yàrá mẹ́fà, yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bíi fóòtì 2.1 wá, ìdí nìyẹn tí bátìrì tí ó kún fi máa ń fi 12.6 hàn bí a tilẹ̀ ń pè é ní fóòtì 12. Ámpíà ni ìwọ̀n bí iná tí ń ṣàn ti pọ̀ tó. Gílóòbù kékeré inú tẹ́sítà kì í mu tó ámpíà 1, ṣùgbọ́n sítátà ọkọ̀ oní-pẹtiróòlù lè mu 100 sí 200. Ìdènà ni ohun tí ń fa iná sẹ́yìn lójú ọ̀nà, óòmù la fi ń wọ̀n ọ́n. Wáyà tí ó gùn tàbí tí ó tín-ín-rín ní ìdènà ju wáyà kúkúrú tí ó nípọn lọ, oríkèé tó ti dípẹtà sì lè ní ju gbogbo wáyà náà lápapọ̀ lọ. Àdánù fóòtì ni iye fóòtì tí ìdènà jẹ run kí iná tó dé ibi tí à ń rán an. A máa ń rí i bí a bá fi ámpíà sọ óòmù di púpọ̀.

Ẹ́ẹ̀tì ni ọ̀nà àbọ̀ iná. Ara ọkọ̀, tí í ṣe irin, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì jókòó lórí rọ́bà, rọ́bà kì í sì í gbé iná; fún ìdí èyí, wọ́n fi okùn bàbà pẹlẹbẹ kan so imú gíábọ́ọ̀sì T3 mọ́ ara ọkọ̀. Òun là ń pè ní okùn ẹ́ẹ̀tì. Sólẹ́nọ́ìdì ni ẹ̀yà tí ó gun sítátà lórí: iná kékeré láti ojú kọ́kọ́rọ́ ló ń jí i, òun náà á wá pa ojú bàbà ńlá méjì pọ̀ kí iná ńlá lè wọ inú sítátà, á sì ti eyín sítátà síwájú kí ó lè gbá eyín fúláíwìlì mú. Lára ẹ̀yà iná Volkswagen, nọ́ńbà wà tí wọ́n tẹ̀ wínníwínní: 30 ni ibi tí iná bátìrì ń wọlé tààrà, 15 ni iná tí ó ń wá nígbà tí a bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́, 50 ni iná tí ń jí sólẹ́nọ́ìdì, 31 sì ni ẹ́ẹ̀tì. Ríwáyà tí ó mọ nọ́ńbà mẹ́rin yìí kò ní máa fi àwọ̀ wáyà méfò, torí pé nínú bọ́ọ̀sì tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ẹni mélòó kan ti pààrọ̀ wáyà sí àwọ̀ tó wù wọ́n.

7.3 Kí ló ń ṣe ọkọ̀: bátìrì ni tàbí oríkèé?

Bí bọ́ọ̀sì bá kọ̀ tí kò sítáàtì, bátìrì ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ohun tí orí yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé a kò gbọ́dọ̀ dá ẹ̀yà kankan lẹ́bi kí a tó wọn ọ̀nà iná nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀, ìyẹn nígbà tí sítátà ń gbìyànjú láti yí. Ìdí kì í ṣe pé bátìrì kì í bàjẹ́. Ìdí ni pé àléébù tó wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́ irú èyí tí ń fara pamọ́ nígbà tí iná tí ń ṣàn bá kéré, tí ó sì ń jáde kìkì nígbà tí iná bá pọ̀. Wo ìṣirò yìí. Ká sọ pé oríkèé kan ti ní ìdènà óòmù 0.02. Bí a bá tan gílóòbù tí ń mu ámpíà 0.4, àdánù ibẹ̀ yóò jẹ́ fóòtì 0.008, kò sí ojú tí yóò rí i. Bí sítátà bá fẹ́ mu ámpíà 120 gba oríkèé kan náà, àdánù á di fóòtì 2.4. Iná inú ọkọ̀ á tàn, rédíò á kọrin, fèrè á dún, sítátà kò sì ní lè yí ẹ́ńjìnnì. Ojú ọ̀nà tí ẹlẹ́sẹ̀ gbà kọjá kọ́ ni tírélà lè gbà. Mítà lásán pàápàá, bí a bá gbé e sí óòmù, kò lè ka 0.02 kó dá wa lójú. Ìdènà àwọn wáyà ọwọ́ mítà fúnra rẹ̀ máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sítátà fúnra rẹ̀ nìkan ni ẹrù tí ó tó láti tú àṣírí oríkèé bẹ́ẹ̀.

Wáyà náà ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bàbà tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 1, tí ojú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà alágbàá 1, ní ìdènà óòmù 0.0172. Wáyà mítà 4 tí ojú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà alágbàá 35 yóò ní nǹkan bíi óòmù 0.002, àdánù rẹ̀ lábẹ́ ámpíà 150 kò sì ní ju fóòtì 0.3 lọ. Bí ẹnì kan bá yọ wáyà yìí tí ó fi wáyà mìlímítà alágbàá 10 rọ́pò rẹ̀ nítorí pé òun ló wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, ìdènà á di 0.0069, àdánù á sì lé ní fóòtì 1. Rọ́bà tí wọ́n fi bo wáyà náà lè nípọn kó sì dán. Bàbà inú rẹ̀ ni kí a wò, kì í ṣe aṣọ tó wọ̀.

7.4 Ìdí tí agbègbè Lekki àti Ajah fi le fún oríkèé wáyà

Ilẹ̀ tóóró ni Lekki títí dé Ajah. Ọ̀sà Èkó wà lápá àríwá rẹ̀, Òkun Àtìláńtíìkì wà lápá gúúsù, kò sì sí ibi tí ọkọ̀ lè sùn sí láàárín wọn tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ kò ní dé. Iyọ̀ máa ń fa omi mọ́ra. Ó ń mú kí ìrì tí ó bà lé ara irin tètè gbé iná, níbikíbi tí irin, bàbà àti òjé bá sì ti fara kan ara wọn nínú irú omi bẹ́ẹ̀, wọ́n di bátìrì kékeré tí ń jẹ ara rẹ̀. Irin ló máa ń jìyà jù. Bóòtù irin tí ó di okùn ẹ́ẹ̀tì bàbà mú mọ́ ara ọkọ̀ á dípẹtà lábẹ́, níbi tí ojú kò dé, òkè rẹ̀ á sì máa dán bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Lórí bátìrì, èéfín ásíìdì á fi ìyẹ̀fun funfun sí orí òjé, bàbà á yọ àwọ̀ ewé. Ìyẹ̀fun yìí àti ìpẹtà kì í gbé iná dáadáa.

Òjò tún wá fi kún un. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje, àti lẹ́yìn náà ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, omi máa ń dúró lójú ọ̀nà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò lẹ́bàá ọ̀nà Lekki sí Epe, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ọ̀sà lọ. Bọ́ọ̀sì tí ó bá wọ omi dé agbedeméjì táyà ti ri sítátà rẹ̀ bọ omi. Ọkọ̀ náà lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni kábọ́nù inú sítátà á bẹ̀rẹ̀ sí í há, tí ojú bàbà sólẹ́nọ́ìdì á máa dúdú. Awakọ̀ ti gbàgbé omi nígbà yẹn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ríwáyà gbọ́dọ̀ bi í, kí ó tó ṣí ohunkóhun, ni pé: “Ẹ ti wọ omi láìpẹ́ yìí?”

7.5 Fífetí sí ọkọ̀

Etí ni irin iṣẹ́ àkọ́kọ́. Kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹnì kejì dúró lẹ́yìn ọkọ̀, kí iná iwájú sì wà ní títàn kí a lè rí bí yóò ti ṣe. Bí a bá gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́ léraléra tí iná iwájú sì ń ṣẹ́jú, sólẹ́nọ́ìdì ń fà, fóòtì ń wó lulẹ̀, ó ń jọ̀wọ́ ara rẹ̀, fóòtì tún ń dìde, ó tún ń fà. Bátìrì tí kò lágbára mọ́ lè fa èyí, orí bátìrì tí kò mọ́ tàbí tí kò le náà lè fà á. Bí ó bá dún kọ́! lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí iná iwájú kò sì rẹlẹ̀, iná ńlá kò kọjá: ojú bàbà sólẹ́nọ́ìdì ti jóná, tàbí kábọ́nù ti jẹ tán. Bí ó bá dún kọ́! tí iná iwájú sì kú pátápátá, oríkèé kan ti já lábẹ́ ẹrù. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pátápátá ń tọ́ka sí wáyà 50 tàbí ojú kọ́kọ́rọ́. Sítátà tí ń yí lásán tí ẹ́ńjìnnì kò sì mì, béńdìsì rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó gbé eyín sítátà, ni kí a wò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí pẹ̀lú agbára tí kò kàn sítáàtì, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò nínú orí yìí. Iná púlọ́ọ̀gì tàbí epo ni.

Irú ohùn kan wà tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ. Ọkọ̀ sítáàtì láàárọ̀ bó ṣe yẹ, ó ti Ajah dé Lekki, wọ́n pa á kí èrò lè sọ̀kalẹ̀, ni kò bá dáhùn mọ́. Ìgbà tí ó tutù tán ló tó dáhùn. Èyí ló ń mú kí àwọn awakọ̀ kan fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ibùdókọ̀, tí epo ń jó lọ. Wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì ló gbóná. Ṣùgbọ́n bàbà tí ó gbóná ní ìdènà ju bàbà tútù lọ. Bí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 50 lé sí i, ìdènà rẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá márùn-ún kan pọ̀ sí i. Sólẹ́nọ́ìdì T3 wà nítòsí ẹ́ńjìnnì. Iná tí ń jí i sì ń ti bátìrì iwájú wọ ojú kọ́kọ́rọ́, kí ó tó tún rin gbogbo gígùn ọkọ̀ padà sẹ́yìn nínú wáyà tín-ín-rín. Tí fóòtì tó dé ojú 50 bá ti ń sún mọ́ 8, sólẹ́nọ́ìdì tútù lè fà tipátipá, èyí tó gbóná kò ní lè fà. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí a fi ríléè sí ẹ̀gbẹ́ sítátà: wáyà kọ́kọ́rọ́ á máa jí ríléè tí kò mu ju ìdá díẹ̀ nínú ámpíà lọ, ríléè á sì gbé iná fún 50 tààrà láti ojú 30. Iṣẹ́ yìí kò gba àkókò, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ sítátà tí ara wọn dá lọ́wọ́ ìpààrọ̀.

7.6 Wíwọn ọ̀nà iná nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, fa búréékì ọwọ́, yọ jíà sí núútúrà, kí o sì yọ wáyà àárín kọ́ìlì, kí o so ó mọ́ ẹ́ẹ̀tì, kí ẹ́ńjìnnì má bàa sítáàtì. Má ṣe yí sítátà ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ lẹ́ẹ̀kan. Jẹ́ kí ó sinmi kí o tó tún un ṣe. Má ṣe mu sìgá lẹ́bàá bátìrì, nítorí gáàsì tí ó ń tú jáde lè bú gbàù. Tí a bá fẹ́ tú orí bátìrì, ti ẹ́ẹ̀tì ni a kọ́kọ́ ń tú, òun náà ni a sì ń so gbẹ̀yìn.

Kọ́kọ́ wọn bátìrì nígbà tí ọkọ̀ ti sinmi fún wákàtí mélòó kan. Fóòtì 12.6 sókè fi hàn pé ó kún, 12.2 túmọ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Tí ó bá lọ sí 12.0 tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀, fi sí ẹnu ṣájà ná, kí o tó máa bá wíwọn lọ. Lẹ́yìn èyí, wọ̀n ọ́n nígbà tí sítátà ń yí. Bí bátìrì tí ó kún bá wó sí ìsàlẹ̀ 9.6, bátìrì náà ti rẹ̀ tàbí kí sítátà máa mu iná àmujù. Bí kò bá wó bẹ́ẹ̀ tí sítátà sì ń fà bí ẹni tí oorun ń kùn, bátìrì kò jẹ̀bi. Ọ̀nà ni kí a wọ̀n. Fi ọwọ́ mítà kan sí òjé orí pọ́sítíìfù bátìrì fúnra rẹ̀, má fi sí tẹ́míná tí ó dì í mú, nítorí àárín àwọn méjèèjì gan-an ni àdánù lè wà. Fi ọwọ́ kejì sí bóòtù 30 lára sítátà. Yí kọ́kọ́rọ́. Iye tí mítà bá kà ni àdánù ojú ọ̀nà àlọ. Kò yẹ kí ó ju 0.5 lọ. Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ kan sí òjé orí nẹ́gátíìfù, èkejì sí ara sítátà, níbi irin tí ó mọ́. Èyí ni ojú ọ̀nà àbọ̀. Kò yẹ kí ó ju 0.3 lọ.

Wo àpẹẹrẹ yìí. Bátìrì T3 kan fi 12.6 hàn nígbà ìsinmi. Nígbà tí sítátà ń yí, orí bátìrì wà ní 11.1, àlọ sọ 0.4 nù, àbọ̀ sọ 2.3 nù. Ohun tí ó kù fún sítátà ni 11.1 − 0.4 − 2.3, ìyẹn fóòtì 8.4. Bí sítátà bá ń mu ámpíà 120, ìdènà ojú ọ̀nà àbọ̀ jẹ́ 2.3 ÷ 120, tó jẹ́ nǹkan bíi óòmù 0.019. Iná tí ó sọnù síbẹ̀ kì í lọ lásán. Wáàtì 276 ni, ooru ni ó ń dà. Fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan oríkèé okùn ẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí o bá yí sítátà lẹ́ẹ̀mejì, wàá bá a ní gbígbóná. Nígbà mìíràn, iná tí kò rí okùn ẹ́ẹ̀tì gbà á wá ọ̀nà àbùjá gba inú wáyà àsẹ́lérétọ̀ tí ó so ẹ́ńjìnnì mọ́ iwájú ọkọ̀. Wáyà àsẹ́lérétọ̀ tó gbóná tàbí tó ń rú èéfín nígbà tí a yí kọ́kọ́rọ́ ti fẹjọ́ ẹ́ẹ̀tì sùn láìsí mítà. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a tú bóòtù, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà ha ojú irin àti ojú okùn títí wọn yóò fi dán, kí a dì í padà kí ó le, kí a sì fi gíríìsì bò ó lókè kí omi oníyọ̀ má bàa tún wọ ibẹ̀. Okùn tí fọ́nrán rẹ̀ ti já dé ìdajì, pààrọ̀ rẹ̀ ni.

7.7 Àwọn àtakò, àti ìdáhùn wọn

Àtakò tí ó lágbára jù ni pé bátìrì tuntun máa ń yanjú ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ máa ń sítáàtì bí wọ́n bá gbé bátìrì tuntun sí i. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ẹni tó gbé bátìrì tuntun sí i ti ha orí tẹ́míná, ó sì ti dì í le; bátìrì tuntun sì ń fi fóòtì díẹ̀ lé ti àtijọ́ lábẹ́ ẹrù, èyí sì tó láti bo àdánù mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìpẹtà kò dúró. Bí bátìrì náà bá fi lọ sílẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ á padà sí ìwà rẹ̀, onímọ́tò á sì máa bú ẹni tó ta bátìrì fún un. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá bátìrì ló wo ọkọ̀ sàn ní tòótọ́, kí a wọn àdánù kí a tó yọ ti àtijọ́, kí a sì tún un wọ̀n lẹ́yìn tí a gbé tuntun sí i.

Àwọn mìíràn á sọ pé ooru ilẹ̀ wa ń pa bátìrì ju ohunkóhun lọ, pé bátìrì sì ni ó tọ́ kí a kọ́kọ́ fura sí. A kò lè já èyí nírọ́. Ooru ń mú kí omi inú bátìrì gbẹ, ó sì ń mú kí òjé inú rẹ̀ tètè jẹrà. Bátìrì tí wọ́n ń lò nílẹ̀ olóoru kì í pẹ́ tó èyí tí wọ́n ń lò nílẹ̀ tútù. Àmọ́ ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Ìwọ̀n 9.6 tí a mẹ́nu bà lókè kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó sì ń sọ fún wa bóyá ó tọ́ kí a ṣì máa fura sí bátìrì. Kò sí ohun tí a pàdánù bí a bá wọ̀n ọ́n kí a tó náwó.

Àtakò kẹta wá láti ẹnu àwọn ọ̀gá tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́: wọn kò lo mítà rí, síbẹ̀ wọ́n ń rí àléébù. Ìdáhùn ni pé àyẹ̀wò lábẹ́ ẹrù kò pọn dandan kó jẹ́ ti mítà. Fi wáyà jọ́mpà so orí nẹ́gátíìfù bátìrì mọ́ irin ẹ́ńjìnnì tààrà, kí o yí kọ́kọ́rọ́. Nínú T3, jọ́mpà náà gbọ́dọ̀ gùn. Bí sítátà bá jí gìrì, ẹ́ẹ̀tì ló jẹ̀bi. Ọ̀gá tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń wọn àdánù fóòtì bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pè é lórúkọ. Ohun tí kò dára ni fífi sukurudíráfà já 30 mọ́ 50 lábẹ́ ọkọ̀ láìyẹ jíà wò. Ó ń fi hàn bóyá sítátà yè lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá wà nínú jíà, á gbéra lójú ẹsẹ̀, ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló sì wà lójú ọ̀nà. Tẹ́sítà náà ní ibi tí ó dára sí. Ó lè sọ bóyá iná dé, kò lè sọ bóyá iná tó.

Ní ti “ẹ bá wa tì í,” títi ọkọ̀ kì í ṣe àtúnṣe. Kò kan sítátà rárá, nítorí náà bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ sítáàtì, kò sọ nǹkan kan fún wa nípa rẹ̀ ju pé àléébù wà nínú ọ̀nà sítátà, tí iná púlọ́ọ̀gì àti epo sì dára. Ẹ̀rí ni ìyẹn náà, ó sì wúlò. Àmọ́ ọkọ̀ onígíà aládàáṣiṣẹ́ kò ṣeé tì sítáàtì.

7.8 Bátìrì kejì

Bọ́ọ̀sì oníbẹ́ẹ̀dì sábà máa ń ní bátìrì kejì fún fíríìjì, fáànù àti gílóòbù. Ríléè kan ló ń so ó pọ̀ mọ́ bátìrì àkọ́kọ́ nígbà tí ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tí ń ṣájì bátìrì, ń ṣiṣẹ́, tí ó sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀ bí a bá pa ẹ́ńjìnnì. Ètò kan náà ló yẹ kó wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń ta oúnjẹ nínú rẹ̀ tí ó ń lo ínfátà. Bí ríléè yìí bá lẹ̀ pọ̀ tí kò jọ̀wọ́ mọ́, fáànù alẹ́ á mu bátìrì sítátà gbẹ. Ohun tí ń mu ámpíà 0.5 nìkan á mu ámpíà-wákàtí 12 láàárín ọjọ́ kan, bátìrì ámpíà-wákàtí 60 á sì dé ìdajì láàárín ọjọ́ méjì àtààbọ̀. Láti wọn irú jíjò bẹ́ẹ̀, pa gbogbo nǹkan, tú orí nẹ́gátíìfù, kí o fi mítà sí àárín rẹ̀ lójú ámpíà. Nínú bọ́ọ̀sì àtijọ́ kò yẹ kó ju mìlí-ámpíà 50 lọ. Má ṣe yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí mítà wà níbẹ̀, á jóná.

Kókó orí yìí

Ìtò iṣẹ́ ni pé: bi awakọ̀ léèrè omi, fetí sí ohùn, wọn bátìrì nígbà ìsinmi, kí o tún wọ̀n ọ́n lábẹ́ ẹrù, wọn àlọ, wọn àbọ̀, wọn ojú 50. Nígbà tí gbogbo ìwọ̀nyí bá dára tí sítátà kò sì yí, ìgbà yẹn ni a ń tú sítátà sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá sì ti ń ṣiṣẹ́, wọn orí bátìrì lẹ́ẹ̀kan sí i: 13.8 sí 14.4 ni ọ́tánétọ̀ tó dára máa ń mú wá.

Ìdánrawò

1. Ṣàlàyé ìdí tí okùn ẹ́ẹ̀tì fi pọn dandan láàárín gíábọ́ọ̀sì T3 àti ara ọkọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé irin ni àwọn méjèèjì.

2. Bátìrì kan fi 12.5 hàn nígbà ìsinmi. Nígbà tí sítátà ń yí, orí rẹ̀ jẹ́ 11.4, àdánù àlọ 1.6, àdánù àbọ̀ 0.2. (a) Fóòtì mélòó ni ó dé sítátà? (b) Apá wo ni àléébù wà? (d) Dárúkọ ibi mẹ́ta tí o máa yẹ̀ wò lójú ọ̀nà yẹn.

3. Ẹnì kan fẹ́ fi wáyà bàbà mítà 4, tí ojú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà alágbàá 16, so bátìrì mọ́ sítátà tí ń mu ámpíà 140. Ṣírò àdánù fóòtì wáyà náà nìkan. Ṣé ó wà láàárín ìwọ̀n 0.5? Kí ló ṣẹ́kù fún àwọn oríkèé?

4. Dánfó kan wọ omi ní Sangotedo ní oṣù keje. Ní oṣù kẹjọ, ó ń dún kọ́! lẹ́ẹ̀kan, iná iwájú kò sì rẹlẹ̀. Kọ ohun tí o fura sí, àti àyẹ̀wò méjì tí yóò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ tàbí já a nírọ́.

5. Ríwáyà kan tan tẹ́sítà lójú 30 sítátà, ó rí i pé ó tàn rokoṣo, ó sì ní wáyà náà dára. Lo ìṣirò láti fi hàn ìdí tí ìpinnu rẹ̀ kò fi dúró.

6. Bátìrì ámpíà-wákàtí 60 tí ó kún wà nínú bọ́ọ̀sì kan tí ohun kan ń mu ámpíà 0.3 nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Lẹ́yìn wákàtí mélòó ni yóò ku ìdajì?

7. Iṣẹ́ ọwọ́: lábẹ́ àbójútó olùkọ́, wọn àdánù àlọ àti àbọ̀ lára ọkọ̀ kan ní ilé iṣẹ́ ẹ̀kọ́ yín. Ha orí bátìrì àti oríkèé ẹ́ẹ̀tì, kí o tún un wọ̀n, kí o sì kọ ìwọ̀n méjèèjì sínú tábìlì kan náà.